Ògiri Tó Ti Lanu Kó Tó Kúrò Lọ́jà

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráàyè wọ ibẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ilé bá ti jáde síta ni àwọn àgbà ti sábà máa ń pa òwe yìí: tọkọtaya tó tú àṣírí ara wọn fún aládùúgbò, tàbí ọmọ ìyá méjì tí àjèjì ráàyè dá sí àárín wọn. Wọn kì í fi òwe náà bá aláǹgbá wí. Aláǹgbá ń ṣe iṣẹ́ aláǹgbá; ibi tó bá gbà á láyè ló ń wọ̀. Onílé ni òwe náà kọjú sí, pé kó lọ wo ògiri rẹ̀, kó wá ibi tó ti là, kó sì rẹ́ ẹ.

Mo fara mọ́ òwe náà, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí kò la ẹnu sọ: pé lọ́jọ́ tí bíríkìlà kọ́ ilé náà tán, ògiri rẹ̀ gún, ó sì dán. Òjò, oòrùn àti ọjọ́ pípẹ́ ló là á. Ta ló máa rò pé bíríkìlà fúnra rẹ̀ lè dá ihò sára ògiri, kó sì máa gba owó lọ́wọ́ aláǹgbá? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tẹlifíṣàn tó wà ní pálọ̀ wa lónìí gan-an nìyẹn.

Èèyàn á ra tẹlifíṣàn tuntun, irú èyí tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Á san owó rẹ̀ pé, á gbé e kọ́ ara ògiri. Kò tíì yan ohun tó fẹ́ wò tí ìpolówó ọjà ti gba ibi tó fẹ̀ jù lójú ẹ̀rọ: mọ́tò, ohun mímu, fíìmù tí kò béèrè. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ń gbé ètò sáfẹ́fẹ́ ló fi í síbẹ̀. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà, tó sì ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ló fi í síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Vizio, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà, ló là á mọ́lẹ̀ jù lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 2.2 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ tí FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, àti ìpínlẹ̀ New Jersey pè é. Ẹ̀sùn wọn ni pé láti oṣù Kejì ọdún 2014 ló ti ń gba inú tẹlifíṣàn mílíọ̀nù 11 ṣọ́ ohun tí àwọn onílé ń wò, ní ìṣẹ́jú-àáyá sí ìṣẹ́jú-àáyá, láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, láìgba àṣẹ wọn. ACR ni wọ́n ń pe ọgbọ́n ẹ̀rọ náà. Tẹlifíṣàn á mú díẹ̀ nínú àwòrán tàbí ohùn tó ń kọjá lójú rẹ̀, á sọ ọ́ di àmì kékeré kan, á fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn tó ṣe é. Wọ́n á fi àmì náà wé èyí tí wọ́n ti kó jọ, wọ́n á sì mọ̀ pé fíìmù báyìí ni ilé yìí ń wò, pé agogo báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, pé ibi báyìí ni wọ́n ti pa á. Ìmọ̀ yẹn ni wọ́n ń tà fún àwọn tó ń polówó. Nígbà tó fi máa di ọdún 2021, èrè tí Vizio ń rí lórí ìpolówó àti ìwífún àwọn oníbàárà ti ju èrè tó ń rí lórí tẹlifíṣàn tó ń tà lọ. Ní ọdún 2024 Walmart fi bílíọ̀nù 2.3 dọ́là rà á. Bí ẹnì kan bá ń ṣe kàyéfì ìdí tí tẹlifíṣàn ńlá fi di ohun pọ́ọ́kú, níbẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Ìpolówó fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1941 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNBT ní New York gbé ìpolówó aago Bulova jáde kí eré baseball kan tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV ṣí ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ibùdó tó ń gbé ètò jáde ló lè pinnu ohun tó máa hàn. Àpótí tó wà nílé kò mọ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀, kò sì lè ròyìn ẹnikẹ́ni fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí ni ẹni tó ń ṣe àpótí náà. Ní ọdún 1955, Zenith ní Amẹ́ríkà gbé rìmóòtù kan jáde tí Eugene Polley ṣe, Flash-Matic lorúkọ rẹ̀. Ó rí bí tọ́ọ̀ṣì. Èèyàn á tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí igun tẹlifíṣàn, igun kan wà fún pípa á, igun kan sì wà tó ń pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ìpolówó bá dé. Eugene McDonald, olórí Zenith, kórìíra ìpolówó gan-an, ohun tí wọ́n sì fi ta ẹ̀rọ náà ni pé ó lè pa ẹnu ìpolówó. Oòrùn tó bá wọlé láti ojú fèrèsé a máa ṣì í lọ́nà, kò sì pẹ́ tí ẹ̀rọ tó dára jù ú fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: nígbà náà, ẹ̀yìn onílé ni bíríkìlà wà. Ohun tí a fi ń rẹ́ ògiri ló ń tà. Láàárín ìgbà náà sí ìsinsìnyí ló ti yí ẹ̀yìn padà, èyí sì dùn mí ju ìpolówó fúnra rẹ̀ lọ.

Ibo wá ni ògiri ti là? Íntánẹ́ẹ̀tì ni. Tẹlifíṣàn tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ròyìn, kò sì lè gba ìpolówó tuntun. Àwọn kan máa ń rò pé bí àwọn bá ti fi wáyà HDMI so ẹ̀rọ míìràn mọ́ tẹlifíṣàn, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí o. Ní ọdún 2024, àwọn olùwádìí láti University College London, University of California ní Davis àti Universidad Carlos III ní Madrid yẹ tẹlifíṣàn Samsung àti LG wò. Wọ́n rí i pé ACR ṣì ń ṣiṣẹ́ kódà nígbà tí tẹlifíṣàn kàn ń gbé àwòrán tó ń bọ̀ láti inú ẹ̀rọ míìràn, bí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi HDMI so mọ́ ọn. Wọ́n tún rí i pé bí onílé bá wá ibi tí wọ́n ti ń pa á, tó sì pa á, ìròyìn náà ń dúró. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì gba owó kankan: ẹ lọ síbi tí ẹ ti ń ṣètò tẹlifíṣàn yín, ẹ wá gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ ìwífún nípa ohun tí ẹ ń wò, kí ẹ pa wọ́n. Èyí tó dájú jù ni pé kí ẹ má ṣe fún tẹlifíṣàn ní ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi ilé yín rárá.

Bí tẹlifíṣàn bá ti di ojú lásán, ẹ̀rọ tí onílé ní àṣẹ lé lórí ló máa fún un lóúnjẹ. Láti ọdún 2012 tí Raspberry Pi ti jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀ǹpútà tí kò ju káàdì báńkì lọ ti tó iṣẹ́ náà ṣe. Kodi, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé fíìmù jáde, ni ọ̀pọ̀ ń fi sínú rẹ̀. Orí ẹ̀rọ géèmù Xbox ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọdún 2014 ló gba orúkọ tó ń jẹ́ báyìí, àwọn olùfínnúfíndọ̀ ló ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ìpolówó nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo yàrá ilé máa rí fíìmù kan náà lè fi Jellyfin sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan, kó so hard drive ńlá mọ́ ọn. Ìtàn Jellyfin bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, nígbà tí àwọn tó ni Emby, ètò tí Jellyfin ti ya jáde, ti ilẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ tó ti wà ní gbangba tẹ́lẹ̀, àwọn kan mú ẹ̀dà tó ṣì wà ní gbangba, wọ́n sì ń bá a lọ fúnra wọn. Kò sí ẹni tó lè jí lọ́la kó fi ìpolówó sí i láìjẹ́ pé gbogbo ayé rí i. Ẹ lè so éríà mọ́ kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú, kí ẹ máa gba ètò afẹ́fẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fo ìpolówó nígbà tí ẹ bá ń wò ó. Láti ọdún 1984 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti dá a láre, nínú ẹjọ́ Betamax, pé èèyàn lè gba ètò sílẹ̀ nílé láti wò ó nígbà míì.

Kí la máa kó sínú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní Houston tàbí Peckham ṣì ní káséètì ìgbéyàwó òbí wọn àti fídíò ìsìnkú ìyá àgbà nínú àpò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní fíìmù bíi Saworoide tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, tí wọ́n fi owó ra dísìkì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun ìní wọ̀nyí kò sí lọ́wọ́ Netflix tàbí Amazon, bí èyíkéyìí bá sì wà níbẹ̀, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nígbàkigbà. Nínú hard drive tiwa, káséètì tí a ti sọ di fáìlì ń dúró de àwọn ọmọ tí kò bá ìyá àgbà láyé. Fún mi, eléyìí ju ọ̀rọ̀ ìpolówó lọ.

Àwọn mìíràn tún ń lo Pi-hole, tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ilé. Bí ẹ̀rọ kan bá béèrè ojúlé tí ìpolówó ti ń wá, Pi-hole á ní kò sí irú ojúlé bẹ́ẹ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò lè dá ìpolówó YouTube dúró, nítorí ọ̀nà kan náà ni ìpolówó yẹn àti fídíò ń gbà wọlé.

Ní Nàìjíríà, àwọn èèyàn ti ń ṣe irú èyí tipẹ́ láìfún un lórúkọ. Ẹni tó da fíìmù sínú fíláṣì, tó ki í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn, ti wo ohun tó fẹ́ nígbà tó fẹ́, láìsí ẹni tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi hotspot fóònù bọ́ tẹlifíṣàn. Ìpolówó tó ń sáré lójú ẹ̀rọ, dátà tí onílé fi owó rà ló ń jẹ. Ẹni tó ń polówó kò san owó rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń polówó fún ló ń san án, mi ò sì rí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà pe èyí ní ìdájọ́ òdodo.

Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé gbogbo ìpolówó ni aláǹgbá. Àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá tí wọ́n ń gbé e sórí YouTube, lára owó ìpolówó ni wọ́n ti ń jẹun. Èmi máa ń jẹ́ kí ìpolówó wọn parí, nítorí èyí ni owó ẹnubodè tí mo san láti wo iṣẹ́ wọn. Èyí tí mo ń bá jà ni ìpolówó tí ẹni tó ta ẹ̀rọ fi lé mi lórí nínú ohun tí mo ti san owó rẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kìlọ̀ nípa àpótí olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà pé ó ní gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń ṣe Kodi ti fàáké kọ́rí tipẹ́ pé àwọn ò sí lẹ́yìn àwọn tó ń fi orúkọ àwọn ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Olè ni sí àwọn òṣèré wa, ó sì tún léwu: ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, FBI kìlọ̀ nípa BADBOX 2.0, pé àwọn ọ̀daràn ti fi ètò burúkú sínú irú àpótí Android bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tà á, kí wọ́n lè máa gba inú íntánẹ́ẹ̀tì onílé ṣiṣẹ́ ibi wọn. Ẹni tó rà á láti sá fún aláǹgbá ti gbé ejò wálé.

Owó sísan nìkan náà ò sì tó. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kínní ọdún 2024, Prime Video bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpolówó hàn àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń sanwó tẹ́lẹ̀. Nígbà náà, ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ ní láti fi dọ́là 2.99 kún un lóṣooṣù.

Iṣẹ́ kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Nínú ilé tí kọ̀ǹpútà fíìmù irú èyí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan bá wà, ẹnì kan ṣoṣo ló sábà ń mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tó bá rìnrìn àjò, tí iná lọ, tó sì dé, tí kọ̀ǹpútà kò wá tan padà, Màmá á mú rìmóòtù, wọ́n á so tẹlifíṣàn mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè rí nǹkan wò, gbogbo ohun tí a ti rẹ́ á sì tún là. Nítorí náà, ẹ fi Yorùbá kọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà náà sórí ìwé, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Ẹ ṣe ẹ̀dà hard drive náà, kí ẹ gbé e sílé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín. Kí ẹ sì jẹ́ kí Màmá fọwọ́ ara wọn pa á, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tan án lójú yín, títí wọn ò fi ní bi yín ní nǹkan kan mọ́, kí ẹ tó wọ mọ́tò.