Fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Ya Ojú Bàbá Rẹ̀

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa bi wá léèrè bí òun ti lè fi ọ̀dà olóròóró ya àwòrán bàbá òun, kí ó sì jọ wọ́n gẹ́lẹ́. Bàbá náà ti darúgbó, ọmọ sì ń kánjú. Ọ̀dà olóròóró ni kì í kánjú gbẹ.

Kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ti Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí a bí ní 1882. Òun tìkára rẹ̀ ni ó kọ́ ara rẹ̀, tí ó sì ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906. Síbẹ̀, ní 1920, ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ jókòó lábẹ́ olùkọ́, ẹni tí ó tó ọmọ ọdún 38!

Kí bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan ṣoṣo, kí ìmọ́lẹ̀ lè ti apá kan wá. Kí ọmọ rọra pa ojú dé díẹ̀, kí ó wo ibi tí ó ṣókùnkùn àti ibi tí ó mọ́lẹ̀, kí ó sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ tí a fi tapentáìnì là ya ìwọ̀nyí ná. Níhìn-ín ni àwa ti ṣìnà rí. A mọ̀ pé ẹyinjú a máa funfun, nítorí náà a kun ti ìyá wa bí ẹfun. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n ní, “Ta ni ẹ̀rù ń bà báyìí?” Ohun tí a mọ̀ ni a yà, kì í ṣe ohun tí a rí, lábẹ́ òjìji ìpéǹpéjú, ẹyinjú kò funfun rárá. Bẹ́ẹ̀ ni kí ó má ṣe fi ọ̀dà dúdú ya awọ ènìyàn dúdú. Pupa wà níbẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ wà níbẹ̀, àwọ̀ ojú ọ̀run pàápàá sì ń bẹ níwájú orí.

Tapentáìnì ni kí ó pọ̀ nínú ìpele ìsàlẹ̀, kí òróró máa pọ̀ sí i bí ó ti ń gòkè. Bí a bá yí i padà, òkè yóò gbẹ ṣáájú ìsàlẹ̀, yóò sì sán.

Ìyá wa jókòó fún wa lẹ́ẹ̀kejì, ní Sátidé mẹ́ta. Wọn kò rí ẹ̀kẹrin. Aṣọ ni a ti fi ọjọ́ méjì nínú rẹ̀ yà, nítorí ó rọrùn. Nítorí náà, ojú ni kí ọmọ yìí kọ́kọ́ parí. Agbádá bàbá lè dúró lórí àga.