Ojú Ọmọ Tó Ń Tàn Funfun Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ìdúró

Ọ̀rọ̀ tiwa lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀. Ti ojú àwọn ọmọ wa ni.

Àrùn jẹjẹrẹ kan wà tó ń mú ojú ọmọdé, pàápàá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Àárín ẹyinjú tó yẹ kó dúdú á máa tàn funfun bí ojú ológbò lóru. Nígbà mìíràn inú fọ́tò la ti ń kọ́kọ́ rí i. Ti ọmọ mìíràn, ojú kan á máa wo Kútọ̀, èkejì á máa wo Láfẹ́nwá. Kì í sábà dun ọmọ níbẹ̀rẹ̀, ló fi jẹ́ pé a máa ń fi í ṣeré.

Lọ́dún 2017, wọ́n ka ọmọ tó lé ní 4,300 káàkiri ayé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àrùn yìí lójú wọn. Ní ìlú olówó, nǹkan bí oṣù 14 ni ọmọ wà tí wọ́n ti mọ̀. Ní àwọn ìlú tó tòṣì jù, ọmọ ti tó oṣù 30. Kí oṣù 16 tó kọjá, jẹjẹrẹ lè ti gba ẹ̀yìn ojú wọ ọpọlọ.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni ìgbà tí dókítà bá ní àwọn máa yọ ojú kan. Bàbá á ní rárá, ìyá ọkọ á ní ọmọ òun kò ní di olójú kan, wọ́n á gbé ọmọ sá. A mọ̀ pé ó le, àbí ìyá wo ni inú ẹ̀ kò ní bàjẹ́? Ṣùgbọ́n ojú tí jẹjẹrẹ ti kún kì í sábà ríran mọ́. Bó bá jẹ́ ojú kan ló mú, èkejì á ríran, ọmọ á lọ sílé ìwé, á ka owó, wọ́n á sì fi ojú àtọwọ́dá sí èyí tí wọ́n yọ. Bó bá jẹ́ méjèèjì, oògùn àti iná lésà lè gba ìríran díẹ̀ là, bí wọ́n bá bá a ní kékeré. Kí wọ́n yẹ ojú àwọn àbúrò rẹ̀ náà wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi ọyàn tàbí ìtọ̀ sí i. Ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Federal Medical Centre, Ìdí-Àbà, tàbí UCH n'Íbàdàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní yóò lọ fúnra rẹ̀, ẹ ṣì gbé e lọ.

Owó ṣì ń dí wa lọ́wọ́. A ń dáwó aṣọ ẹbí, a ò ṣe lè dáwó èyí? Èrò tiwa ni kí ẹgbẹ́ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀, kí ìyá tó bá rí irú ẹ̀ lè gba owó mótò àti owó káàdì lọ́jọ́ kejì, kó má ta ọjà ẹ̀ ní gbàǹjo. A óò gbé e síwájú Ìyálọ́jà ní ìpàdé tó ń bọ̀.