Ìpíndọ́gba Kì í Gbé Ilé Ró

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó lulẹ̀ ní Ìkòyí. Ẹ̀mí tí ó bá a lọ lé ní 40. N kò sọ pé ilẹ̀ ni ó fà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé lẹ́yìn irú àjálù bẹ́ẹ̀, sìmẹ́ńtì àti irin ni àwọn aláṣẹ wa sábà máa ń kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Ta ni ó yan iye agbára tí wọ́n ní ilẹ̀ náà ní? Báwo ni ó ṣe yàn án? Ìbéèrè yìí kì í sábà jáde lẹ́nu wọn.

Ká ní wọ́n gbẹ́ ihò àyẹ̀wò mẹ́ta. Agbára amọ̀ inú méjì jẹ́ 60 àti 55 kilopascal. Ti ẹ̀kẹta, lẹ́bàá irà, jẹ́ 20. Ẹnjiníà tí onílé ń kán lójú pín in dọ́gba, ó kọ 45. Ṣùgbọ́n òpó tí ó dúró lórí 20 kò mọ 45 rí. Òótọ́ ni pé ìpìlẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó bo gbogbo abẹ́ ilé lè fi ibi tí ó le ran ibi tí ó rọ̀ lọ́wọ́. Ìpìlẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ìlànà Eurocode 7 ti ilẹ̀ Yúróòpù fi béèrè iye tí a fi ìṣọ́ra yàn.

Ní Transcona, ní Kánádà, wọ́n dán ilẹ̀ òkè wò, ó le. Ní ọdún 1913, nígbà tí wọ́n kó ọkà sínú àká ńlá tí wọ́n kọ́ sórí rẹ̀, àká náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́: amọ̀ rírọ̀ wà nísàlẹ̀, ibi tí àyẹ̀wò wọn kò dé.

Àwa ńkọ́? Àwọn kan ń ya ìwé àyẹ̀wò aládùúgbò lò, bí ẹni pé amọ̀ kì í yí padà láàárín pulọ́ọ̀tì méjì. Ilẹ̀ dúdú apá Àríwá-Ìlà-Oòrùn ń wú lójò, ó ń sán lẹ́ẹ̀rùn. Iye tí a wọ̀n ní oṣù Kejì kì í ṣe iye oṣù Kẹjọ.

Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dá a ní 2003 pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà. Ẹ̀yin gómìnà, ẹ̀yin ni à ń bá wí. Ẹ má ṣe fún ilé kankan ní ìwé àṣẹ àfi bí ẹnjiníà tí ó yan iye náà bá kọ orúkọ àti nọ́ńbà COREN rẹ̀ sí i, tí ó sì ṣàlàyé ìdí tí ó fi fo èyí tí ó kéré jù, bí ó bá fò ó. Kí ìwé náà wà níbi tí ẹni tí ó fẹ́ gba yàrá níbẹ̀ ti lè kà á. Wọn yóò ní owó ihò kẹta ti pọ̀ jù. Kí wọ́n kọ ìyẹn náà sínú rẹ̀, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú.