Yíìsì Tó Lè Gba Ọsàn Wa Lọ́wọ́ Ìdíbàjẹ́

Ápù tí ẹ rà ní ìsọ̀ Amẹ́ríkà níbí lóṣù kẹrin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni wọ́n ti já a. Yàrá tútù tí wọ́n dín ọ́síjìn inú rẹ̀ kù ló wà látìgbà náà. Ṣùgbọ́n ọsàn tó dé Mile 12 ńkọ́? Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ìyá ọlọ́sàn ti ń ṣa èyí tó rà sọ́tọ̀.

Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Penicillium digitatum ló sábà máa ń bà á jẹ́. Ẹ mọ ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tó máa ń bo èèpo ọsàn, òun náà ni. Ojú ọgbẹ́ ló ń gbà wọlé, ibi tí ọ̀pá tàbí apẹ̀rẹ̀ bá ti ha á. Oògùn bíi imazalil àti thiabendazole ni wọ́n fi ń pa á láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀ ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń là á já.

Àwọn onímọ̀ ní Kearneysville, ní West Virginia tí kò jìnnà sí àwa ará Maryland, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Ísírẹ́lì, wá yíjú sí yíìsì, èyí tí Bíbélì pè ní ìwúkàrà. Irú èyí tó ń gbé lára èso fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Tí wọ́n bá fi omi rẹ̀ wẹ èso, á sáré bo ojú ọgbẹ́ náà, á jẹ oúnjẹ ibẹ̀ tán kí ọ̀tá tó dé. Ní 1995 ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Candida oleophila, wọ́n tà á lórúkọ Aspire. Ó kúrò lọ́jà nígbà tó yá, àmọ́ ní 2013 àwọn ará Yúróòpù fọwọ́ sí ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn. (Ẹ má lọ da yíìsì búrẹ́dì sórí ápù yín o, ọ̀tọ̀ nìyẹn!)

Èmi tí mo jẹ́ ẹnjiníà, mi ò rí ohun tó kọjá agbára wa níbẹ̀. Àgbá ńlá, ṣúgà, ìmọ́tótó: ó sún mọ́ ohun tí àwọn ilé ọtí bíà ń ṣe ní Iléṣà àti Ìbàdàn. Ẹlẹ́mu wa gan-an, yíìsì tí kò ra rí ló ń bá a ṣiṣẹ́.

Tí àwa ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá dáwó jọ níbí, jẹnẹrétọ̀ àti yàrá tútù la máa ń rántí, díísù á sì gbé gbogbo owó náà mì. Mo ní ká yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn olùwádìí ní Nigerian Stored Products Research Institute, Ìlọrin, kí wọ́n wá yíìsì lára ọsàn tiwa, kí wọ́n sì dán an wò nínú ooru tiwa. Èyí tó ṣiṣẹ́ nínú yàrá tútù lè má ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó há sójú oòrùn. Oko ló sì ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí yíìsì kì í wo ọsàn tó ti rà sàn.

Kí ẹnì kan bá mi dá a sílẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí wọ́n tó dìbò lórí jẹnẹrétọ̀.