S.D. Jones: ẹni tó ń ṣubú kí ẹlòmíràn lè ga



Bí ẹ bá bi àwa bàbá tí a ti lé ní ogójì ọdún nílé ẹ̀kọ́ yìí pé oníjàkadì wo ni a fẹ́ràn jù nígbà èwe wa, púpọ̀ nínú wa á dárúkọ Hulk Hogan tàbí Andre the Giant. Èmi á dárúkọ S.D. Jones. Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé, “Ta nìyẹn?” Ìbéèrè yẹn gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn, bọ̀dá mi mú káásẹ́ẹ̀tì fídíò kan bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. WrestleMania àkọ́kọ́ ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1985 ní Madison Square Garden ní New York. A wò ó títí téèpù náà fi ń já. Nínú ìjà kejì, wọ́n pe ọkùnrin dúdú kan jáde. Ẹni tó fẹ́ bá a jà ni King Kong Bundy, òmìrán olórí pípá tí wọ́n ní ìwọ̀n rẹ̀ lé ní 200 kílò. Bundy gbé e lu igun, ó fi ara rọ́ lù ú, ó ṣubú lé e lórí, ó parí. Wọ́n kéde pé ìṣẹ́jú àáyá 9 péré ni. Ẹni tó bá fi aago wò ó á rí i pé ó lé ní 20. Àní ìwọ̀nba àkókò tó fi dúró pàápàá, wọ́n tún yọ nínú rẹ̀.

Gbogbo wa nínú pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo ń wò.

Conrad Efraim ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Erékùṣù Antigua ni wọ́n bí i sí ní 1945. Láti àárín àwọn ọdún 1970 títí di ìparí àwọn ọdún 1980 ló fi ń jà fún iléeṣẹ́ tí a mọ̀ sí WWF nígbà náà, iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni pé kó máa ṣubú fún àwọn tí wọ́n fẹ́ sọ di gbajúmọ̀.

Àwọn ọmọ wa máa ń sọ pé irọ́ ni ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n. Òótọ́ ni pé àwọn méjèèjì ti mọ ẹni tó máa borí kí wọ́n tó bọ́ sójú ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ń balẹ̀ kì í ṣe irọ́. Abẹ́ aṣọ tí wọ́n ń jà lé lórí, pákó ni àti irin. Ẹni tó ń ṣubú gbọ́dọ̀ fa àgbọ̀n mọ́ àyà, kó sì fi gbogbo ẹ̀yìn gba ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó má bàa fi orí gbá a. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ kó dà bíi pé agbára ẹni tó gbé e ló ṣe gbogbo rẹ̀. Bó bá kọ̀ láti ṣe é dáadáa, ojú ni yóò ti òmìrán náà.

Ọdún kan lẹ́yìn ìjà yẹn, ní 1986, Bundy ló bá Hulk Hogan jà nínú àgò irin, ìjà tí wọ́n fi kádìí WrestleMania kejì. Àtẹ̀gùn wo ló gùn débẹ̀? Ẹ̀yìn S.D. Jones wà nínú àtẹ̀gùn náà. Ní ìparí 1984, Big John Studd àti Ken Patera gé irun Andre the Giant lójú ìjà. Ìjà irun yẹn ló bí ìdíje dọ́là 15,000 tí Andre fi gbé Studd lulẹ̀ ní WrestleMania àkọ́kọ́. Ta ni ẹnìkejì Andre lọ́jọ́ tí wọ́n gé irun rẹ̀? S.D. Jones ni. Gbogbo èèyàn rántí irun. Kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó wà níbẹ̀.

Ó kú ní Antigua ní 2008. Ọdún 2019 ni WWE tó fi orúkọ rẹ̀ sínú Hall of Fame wọn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti wọ ilẹ̀ lọ. Àwọn àgbà wa ní, “Yinniyinni, kí ẹni ó lè ṣe òmíràn.” Òmíràn wo ni òkú fẹ́ ṣe?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá nìyí. Ọjọ́ àṣekágbá ọdún ti ń bọ̀. Ní èṣí, ọmọ mẹ́ta la fún ní ẹ̀bùn, ọ̀kan nínú wọn ló ṣe ọba nínú eré. Ọmọkùnrin kan wà tó ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ló ń bá ọba ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbogbo Sátidé títí tó fi yé e. Lọ́jọ́ eré, ó dọ̀bálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A kò rí i mọ́ láti oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí mo pe màmá rẹ̀, wọ́n ní ọmọ náà sọ pé, “Wọn ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.” Èmi náà wà níbẹ̀. Ọba nìkan ni mo pàtẹ́wọ́ fún.

Àwọn òbí kan ní bí a bá fún gbogbo ọmọ ní ẹ̀bùn, ẹ̀bùn kò ní níyì mọ́. Mo gbà. N kò bẹ̀bẹ̀ fún ife ẹ̀yẹ fún gbogbo ọmọ. Àwọn tó ń kọ́ ìlù dùndún láàárín àwọn ọmọ mọ̀ pé ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, tí omele sì ń lu ohùn kan náà ṣáá. Ẹ ní kí omele dákẹ́, kí ẹ wá wò ó bóyá ìyáàlù á mọ ibi tó ń lọ. Ohun méjì péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí olùkọ́ kọ gbólóhùn kan nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan, ohun tí ọmọ náà ṣe gan-an, kí a sì kà á sókè ní Yorùbá, nítorí “o káre” lásán kò tó. Kí ọmọ tó bá gba ẹ̀bùn náà sì dárúkọ ẹni tó ràn án lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ mi wo ìjà náà lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín bí àwa náà ti rẹ́rìn-ín. Mo ní kó tún un wò, kó fi Bundy sílẹ̀, kó wo ẹnìkejì. Ó wò ó, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Dádì, ó mà mọ̀ ọ́n ṣubú o.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé òbí. Èmi yóò tún pe màmá ọmọ yẹn kó tó di ọjọ́ náà.