ÌLERA NÍNÚ ẸBÍ: Eruku Tí Ń Sọ Ẹsẹ̀ Di Aláìgbọràn

Ẹ̀yin ará, bí ọkùnrin tó le koko bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò sì rẹ́rìn-ín mọ́, àwọn kan á ní ọtí ni, àwọn mìíràn á ní ayé ló ṣe é. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ní 1817, James Parkinson, oníṣègùn ní London, kọ̀wé nípa àrùn tí ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Ní 1837, John Couper ní Glasgow rí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń lọ òkúta dúdú tí à ń pè ní màǹganíìsì. Ẹsẹ̀ wọn kò lágbára mọ́, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ara wọn kò gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, a rí irú rẹ̀ lára àwọn awakùsà Mòrókò àti Ṣílè.

Màǹganíìsì díẹ̀ wà nínú oúnjẹ wa, ara sì nílò rẹ̀. Èyí tí a fà símú fún ọdún púpọ̀ ló ń ṣe ibi: á gba ẹ̀dọ̀fóró wọ ẹ̀jẹ̀, á sì lọ jókòó sínú ọpọlọ, níbi tó ń darí ìrìn wa. Àìsùn àti ìbínú tàbí ẹ̀rín láìnídìí ló sábà ń ṣáájú. Tó bá yá, aláìsàn á máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn bí àkùkọ. Bó bá fi ẹ̀yìn rìn, á ṣubú. Oògùn levodopa, tó ń ran aláìsàn Parkinson lọ́wọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Àwọn ọmọ wa ń wá iṣẹ́ lọ sí Gabon, níbi tí wọ́n ti ń wa màǹganíìsì ní Moanda láti 1962. Ó wà nínú èéfín àwọn tó ń jó irin pọ̀. Òun náà ló wà nínú ìyẹ̀fun dúdú inú píìlì tọ́ọ̀ṣì.

Nítorí náà, ẹ jó irin ní gbangba, kí ẹ má sì tẹrí sínú èéfín. Ẹ wẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ iṣẹ́ kí ẹ tó gbé ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọ́ píìlì ṣeré. Bí àmì bá yọ, ẹ sọ iṣẹ́ yín fún dókítà. Ẹni tó tètè kúrò nídìí eruku náà lè sàn. Ẹni tó pẹ́ níbẹ̀, àrùn náà lè máa le sí i lẹ́yìn tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Láti kékeré la ti ń pẹ̀kàn ìrókò.