Iṣẹ́ Ọwọ́ fún Ìsinmi Kérésìmesì: Ẹ Gbé Àpótí Fọ́tò Kalẹ̀

  Ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi, àwọn ọmọ wà nílé láti àárọ̀ di alẹ́, àwọn ìyá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹjọ́ wá bá wa: èyí kò gbé ojú kúrò lára fóònù, ìyẹn kò kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n, bàbá wọn sì ń ti òde àríyá kan bọ́ sí òmíràn. A kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni wí lóṣù yìí. Ohun tí a fẹ́ sọ ni iṣẹ́ ọwọ́ tí tọmọdé-tàgbà lè jọ ṣe lórí ẹní kan náà nínú ilé, láàárín Kérésìmesì sí ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ yóò wọlé.

Àwọn ará wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà yóò ti rí ohun tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́, bàbá ilé mìíràn níbẹ̀ á gun àkàsọ̀ lọ sí òkè àjà, á sì gbé páálí kan sọ̀kalẹ̀. Rélùwéè kékeré ni ó wà nínú rẹ̀. Wọn á to irin rẹ̀ yí ìdí igi Kérésìmesì ká, wọn á so ó mọ́ iná mànàmáná, ọkọ̀ ojú irin tí kò ga ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Ohun náà ti pẹ́. Ilé iṣẹ́ Märklin ní ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, gbé tirẹ̀ wá sí ọjà ńlá Leipzig ní 1891, pẹ̀lú irin tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n pàtó, kí èyí tí ènìyàn bá rà lọ́dún yìí lè bá ti èṣín mu. Ní New York, Joshua Lionel Cowen dá ilé iṣẹ́ Lionel sílẹ̀ ní 1900. Rélùwéè tí ó kọ́kọ́ ṣe, ó fẹ́ kí àwọn onísọ́ọ̀bù fi sí ojú fèrèsé láti fa oníbàárà wọlé ni, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníbàárà wọlé, rélùwéè gan-an ni wọ́n ní kí wọ́n tà fún àwọn! Ní Liverpool, Frank Hornby bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ ní 1920.

Owó rẹ̀ pọ̀, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni yá owó lọ rà á. Páálí yẹn ni ó wù wá. Ọdọọdún ni ó ń sọ̀kalẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń fi kóòṣì kan tàbí ilé kékeré kan kún un. Ọmọ kò lè dá a tò, ojú bàbá tí ó ti ń wọ dígí kò sì lè rí wáyà kékeré tí ó já láìsí ojú ọmọ. Bí wọ́n ti jọ dọ̀bálẹ̀ tí wọ́n ń wá ibi tí iná ti gé, ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò lè sọ lórí tábìlì oúnjẹ á jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òyìnbó nìkan ni ó ni ín. Àwa tí a dàgbà ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 mọ ọkọ̀ agolo. Agolo sádìn ni bọ́dì, bàtà rọ́bà tí ó ti já ni a gé ṣe táyà. Ẹ so agolo mẹ́rin tàbí márùn-ún pọ̀, rélùwéè dé nìyẹn. Bí ọmọ yín bá fẹ́ràn ìṣirò, ẹ jẹ́ kí ó wá ìwọ̀n rẹ̀. Irin rélùwéè àtijọ́ tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 fẹ̀ ní mílímítà 1,067 láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ti tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021 fẹ̀ ní 1,435. Kí ó pín 1,435 sí ọ̀nà 87, yóò rí nǹkan bíi mílímítà 16.5, èyí tí í ṣe ìbú irin HO gan-an, ìwọ̀n tí àwọn onírélùwéè kékeré ń lò jù lọ káàkiri ayé.

Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi wá pé kí ni páálí tiwa, èyí tí ó ti wà nínú ilé láìjẹ́ pé a tún rà á, fọ́tò ni a ó dáhùn.

Ilé wo ni kò sí? Ó lè wà nínú àpótí aṣọ ìyá àgbà, tàbí nínú báàgì ike lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tàbí nínú álíbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó tí ewé rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra. Ní 1900 ni ilé iṣẹ́ Kodak gbé kámẹ́rà Brownie jáde ní dọ́là kan péré, tí kámẹ́rà fi di ohun inú ilé lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ayàwòrán àdúgbò ni ó ń ṣe é. Ó ń wá sí ìkómọ, ó ń wá sí ìgbéyàwó, á gbé fíìmù lọ fọ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan á kó fọ́tò wá, ẹni tí owó rẹ̀ kò bá pé á sì gba ọ̀kan, á ní kí ó mú ìyókù padà bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀yìn fọ́tò, tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti ìlú wà lára rẹ̀. Ẹ má ṣe fojú di òǹtẹ̀ yẹn. Ó ti sọ fún ìdílé mìíràn ìlú tí bàbá wọn gbé kí ó tó fẹ́ ìyá wọn.

Àwa olùṣọ́-àgùntàn máa ń rí ohun kan nípa fọ́tò tí ẹlòmíràn kì í rí, nítorí a máa ń bá ẹbí jókòó nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú. Wọn á tú àpótí sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ kan á mú ọ̀kan sókè: ta ni èyí tí ó dúró ti bàbá? Ẹnìkan á ní ẹ̀gbọ́n bàbá ni. Ẹlòmíràn á ní rárá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Kúmásí ni, kí wọ́n tó lé àwọn ènìyàn wa kúrò ní Gánà ní 1969. Wọn á yí fọ́tò padà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Ẹnìkan ṣoṣo tí ó lè dáhùn ni a fẹ́ sin lọ́jọ́ Jímọ̀. A tilẹ̀ ti rí ibi tí wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé ojú olóògbé kúrò láàárín ènìyàn méje kí ó lè wọ inú ìwé, tí àwọn mẹ́fà tí ó kù sì bá ìdọ̀tí lọ. Àwọn mẹ́fà yẹn náà ní ọmọ níbì kan.

Nítorí náà, ìgbà tí ìyá àgbà ṣì wà láàyè tí ojú rẹ̀ sì ríran ni iṣẹ́ yìí. Ẹ yan ọ̀sán kan tí kò sí òde. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn fọ ọwọ́, kí wọ́n sì nù ún gbẹ, nítorí òróró ọwọ́ ń ba ojú fọ́tò jẹ́. Etí rẹ̀ ni kí a máa dì mú. Kí ọmọ kan máa mú fọ́tò fún màmá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí èkejì máa kọ̀wé. Pẹ́ńsùlù tí ó rọ̀ ni kí ó fi kọ orúkọ sí ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ó má ṣe lo báírò, nítorí ó ń wọlé dé iwájú. Kí wọ́n kọ ẹni tí ó wà níbẹ̀ láti apá òsì sí ọ̀tún, ìlú, ọdún bí a bá mọ̀ ọ́n, àti ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà. Bí màmá kò bá rántí ọdún, ẹ bi í pé ta ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà. Ìyá kì í gbàgbé ọmọ tí ó pọ̀n. Ẹ má kánjú. Bí fọ́tò mẹ́wàá péré ni ẹ bá ṣe lọ́sàn-án kan nítorí pé ìtàn gùn, ẹ ti ṣe dáadáa.

Èyí tí ó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì fírémù, ẹ má ṣe fà á. Ojú ènìyàn ni yóò kù sára gíláàsì. Ẹ fi fóònù yà á bí ó ti wà. Àwọn ọ̀dọ́ ni kí ẹ gbé iṣẹ́ yìí fún, wọ́n mọ̀ ọ́n jù wá lọ: kí wọ́n tẹ́ fọ́tò sílẹ̀ nítòsí fèrèsé, kí wọ́n di fóònù mú kí ó dúró gbọọrọ lókè rẹ̀, kí wọ́n sì pa iná kámẹ́rà kí ó má baà tàn padà. Ẹ óò rí i pé fọ́tò aláwọ̀ ti àwọn ọdún 1970 àti 1980 ti ń pọ́n, nígbà tí èyí dúdú-òun-funfun tí ó dàgbà jù ú lọ ṣì ń dán. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Àwọn àwọ̀ tí wọ́n fi ṣe é kì í ṣá pọ̀: èyí tí ó jọ búlúù ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, pupa á wá ṣẹ́kù. Ẹ tètè yà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a sọ láìfi bò. Àwọn ará wa kan, nígbà tí wọ́n gba Jésù, kó fọ́tò àwọn àgbà ilé wọn sun, nítorí pé bàbá àgbà mú ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ nínú rẹ̀, tàbí ó dúró ti eégún. Ìtara wọn yé wa. Ṣùgbọ́n a kò gbà pé iná ni ó tọ́ sí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ìwé ni fọ́tò. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ náà ni ó fi ojú ènìyàn sílẹ̀ lára rẹ̀, kò ní agbára mìíràn. Bí Ọlọ́run bá ti mú ìdílé kan ti ibì kan dé ibì kan, báwo ni ọmọ yóò ṣe mọ bí ọ̀nà náà ti jìn tó bí a bá ti sun ibi tí a ti gbéra? Nínú ìwé Jóṣúà orí 4, òkúta méjìlá ni wọ́n gbé láti inú odò Jọ́dánì, kí àwọn ọmọ lè rí wọn kí wọ́n sì béèrè.

Ọmọ yín yóò sì béèrè. Ẹ óò kan fọ́tò ìyàwó àkọ́kọ́ tí ó ti kọ́ bàbá sílẹ̀. Ẹ óò kan ọmọ tí ó kú. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, ní àwọn ọdún 1970, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Stephen Sprague wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ìlú náà, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tí ó kù, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Àwọn kan ń lò ó bí ère ìbejì, a kò sì lè bá wọn dá sí ìyẹn. Síbẹ̀ ẹ wo bí ìyá kan ti fẹ́ tún rí ojú ọmọ rẹ̀ tó. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú àpótí yín, ẹ jẹ́ kí màmá dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó sọ orúkọ. Ẹ kọ orúkọ náà. Ẹ kọ ti ìyàwó àkọ́kọ́ pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má sì gé e kúrò. Ó lè jẹ́ òun ni ìyá ẹ̀gbọ́n yín àgbà.

Ní ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò tí ó wà nínú fóònù, ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan méjìlá nínú ti ọdún yìí, ọ̀kan fún oṣù kan, kí ẹ tẹ̀ wọ́n sórí ìwé gidi kí olè tàbí omi tó mú fóònù lọ. Ẹ kọ orúkọ sí ẹ̀yìn wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn náà ẹ kó ti àtijọ́ àti ti tuntun sínú àpótí kan tí ó ní ìdérí, kí ó jìnnà sí ilé ìdáná, sí òrùlé tí ń jò, àti sí ilẹ̀ níbi tí ikán ti lè gòkè. Ẹ kọ ọdún sí ara rẹ̀, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù kan sínú rẹ̀ de Kérésìmesì tí ń bọ̀.